OWÓ OṢÙ ÀTI SÁÀ ÀWỌN OLÓṢÈLÚ: OHUN TÍ ILẸ̀ GHANA FI HÀN WÁ

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa kan sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Kùmásì, ilẹ̀ Ghana

Ọmọdé ni mo jẹ́ láàárín yín, nítorí àwọn kan wà níhìn-ín tí wọ́n ti ń tajà ní ìlú Kùmásì kí a tó bí mi. Àwọn mìíràn wà tí àwọn òbí wọn di ẹrù lórí ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù November pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ju akọ̀ròyìn lọ pé ohun tí àwọn olóṣèlú bá fọwọ́ sí nínú yàrá wọn, ẹnu ọ̀nà ilé wa ni ó ń já sí.

Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n sọ ni ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn olóṣèlú, iye ọdún tí ó yẹ kí wọ́n lò lórí ipò, àti bí méjèèjì ṣe kan owó ìlú tí à ń kó jẹ. Nílé, ní Nàìjíríà, kò sí ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń gẹrun tàbí tí wọ́n ti ń mu ẹmu tí ẹ kò ní gbọ́ èrò méjì yìí. Ẹnìkan yóò ní, "Ẹ sanwó gidi fún wọn, wọn kò ní jalè mọ́, àìní ni í mú kí ọwọ́ ènìyàn gùn." Èkejì yóò ní, "Rárá o, ẹ dín ọdún wọn kù. Ẹni tí kò bá pẹ́ nídìí ìkòkò kò ní lè jẹ ọbẹ̀ tán." Èmi náà ti gba àwọn méjèèjì gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ghana ti dán méjèèjì wò. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó oṣù àti sáà kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ń gba owó náà ni ó ń bu owó náà fún ara wọn, tí àwa tí a sì ń yàn wọ́n ti sọ ipò náà di ọjà tí à ń tà kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nítorí ìtàn kan wà tí ìlú yìí mọ̀ dáadáa. Ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 8 oṣù April 1961, Kwame Nkrumah sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wí nítorí pé wọ́n ń fi ipò ìjọba ṣòwò. Ní ọdún náà ni wọ́n fi ìlànà lélẹ̀ pé mínísítà tàbí aláṣẹ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ní ju ilé méjì lọ, àpapọ̀ iye ilé méjèèjì kò sì gbọdọ̀ ju £20,000 lọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní ọdún 1962, ìròyìn kan láti London. Ìyàwó Krobo Edusei, mínísítà tí í ṣe ọmọ Àṣáńtì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń pa àwọn ará Kùmásì lẹ́rìn-ín, ni ó ra ibùsùn kan tí wọ́n fi wúrà bò, iye rẹ̀ sì tó £3,000. Gbogbo ayé fi Ghana ṣẹ̀sín. Edusei fi ipò mínísítà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n tún pè é padà sí ìjọba.

Kì í ṣe ibùsùn náà ni ó ń yà mí lẹ́nu. Obìnrin tí ó fẹ́ sùn lórí wúrà kò pọ̀jù láyé. Ohun tí mo ń wò ni òfin tí wọ́n ṣe. Òfin náà dára. Bí ẹ bá kà á lónìí, ẹ óò ní kí wọ́n gbé e wá sí Abùjá. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ṣọ́ ọ? Olórí ẹgbẹ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn, a dárí jì í. Ẹni tí ó bá sì ti ń bínú sí tẹ́lẹ̀, òfin a mú un. Nígbà tí ó di 1964, wọ́n dìbò sọ Ghana di orílẹ̀-èdè ẹlẹ́gbẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí ó lè dìde nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti bèèrè ohunkóhun mọ́. Àwọn ológun ni ó wá bèèrè, ní ọjọ́ 24 oṣù February 1966, pẹ̀lú ìbọn.

Àwọn ológun náà ńkọ́? Ìtàn tiwọn kan ọ̀rọ̀ owó oṣù ju bí ènìyàn ti rò lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù January 1972, Ọ̀gágun Ignatius Kutu Acheampong, ọmọ Àṣáńtì pẹ̀lú, gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. Nínú ìdí tí ó sọ lórí rédíò, ọ̀kan ni pé ìjọba Busia ti gba àwọn ìdẹ̀ra kékeré tí àwọn ológun ń jẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú wà lára ohun tí ó dojú ìjọba tí ará ìlú yàn bolẹ̀. Ó yẹ kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tẹ́ lọ́rùn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ àpótí owó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò ní sáà, kò sì ní olùdìbò kankan tí yóò bẹ̀rù. Ọdún mẹ́fà ó lé ni ó lò. Ìwé àṣẹ láti kó ọjà wọlé di ohun tí à ń fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà "kalabule" gba ẹnu gbogbo ará Ghana kan, ẹ̀yin ọlọ́jà sì mọ̀ ọ́n ju mi lọ. Ní oṣù March 1978, ó ní kí wọ́n dìbò fún irú ìjọba kan tí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, kí òun lè dúró pẹ́ sí i. Àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ ní oṣù July ọdún náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù June 1979, wọ́n yìnbọn pa á ní Accra.

N kò yọ̀ sí ikú ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rántí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ogun wó ọjà Makola ní Accra palẹ̀, wọ́n sì na àwọn ìyá ọlọ́jà ní gbangba. Àwọn ọ̀gá ni ó jẹ ìlú. Ẹ̀yìn ọlọ́jà ni wọ́n na. Nítorí náà, bí ìyá kan níhìn-ín bá ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù mínísítà kò kan òun tí ń ta aṣọ, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lọ́dọ̀ àwọn ológun, kí n wá sí ọ̀nà tí ó gba ìlú yín kọjá. Ẹ mọ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tí ń ti èbúté Tema bọ̀, tí wọ́n ń gba Kùmásì àti Tamale lọ sí Ouagadougou ní ilẹ̀ Burkina Faso. Ní ọdún 2010, ìjọba Ghana sọ owó oṣù àwọn ọlọ́pàá di ìlọ́po méjì. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé kí rìbá ojú ọ̀nà lè dín kù. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nítòsí kò fi nǹkan kan kún ti àwọn ọlọ́pàá tiwọn. Onímọ̀ méjì, Kweku Opoku-Agyemang àti Jeremy Foltz, rí i pé èyí fún àwọn láàyè láti fi ilẹ̀ kan wé èkejì. Wọ́n tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù nínú ìrìn àjò tí ó lé ní 2,100, wọ́n sì ka ìgbà tí ó lé ní 45,000 tí ààyè wà láti gba owó lọ́wọ́ awakọ̀. Ọkọ̀ kan náà ni yóò kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá Ghana, yóò sì kọjá lọ́dọ̀ ti Burkina Faso. Kí ni wọ́n rí? Owó oṣù lọ sókè, owó tí awakọ̀ ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá sì bá a lọ sókè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ èyí, èmi pẹ̀lú kò fẹ́ gbà á nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Èrò tèmi ni pé nígbà tí owó oṣù ènìyàn bá pọ̀ sí i, kì í ṣe òun nìkan ni ó gbọ́. Ìyàwó gbọ́, àna gbọ́, àbúrò tí ń kọ́ṣẹ́ gbọ́, ọ̀gá tí ó fi í sí ojú ọ̀nà náà gbọ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ga ju ohun tí ìjọba fi kún un. Bí kò bá sì sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ níbi tí ó dúró sí, ibi tí a so ewúrẹ́ mọ́ náà ni yóò ti jẹ. Nígbà tí mo ń bọ̀ wá síhìn-ín, ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ìjọba, ní ẹnubodè kan tí n kò ní dárúkọ, yẹ ìwé ìrìnnà mi wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìwé náà pé. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ ìwé náà.

Ẹnìkan lè sọ pé ọlọ́pàá kì í ṣe mínísítà. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti sanwó fún mínísítà ju gbogbo ayé lọ, ìyẹn Singapore. Ní ọdún 1994, wọ́n so owó oṣù mínísítà mọ́ iye tí àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ tí owó wọn pọ̀ jù lọ ń gbà. Ìlú náà mọ́ púpọ̀, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1952 ni wọ́n ti ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣọ́ rìbá, ọdún méjìlélógójì kí wọ́n tó ṣe ètò owó oṣù yẹn. Ẹ̀ṣọ́ ni ó ṣáájú. Owó ni ó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní oṣù October 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ sọ S. Iswaran, tí ó ti jẹ́ mínísítà níbẹ̀, sí ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá nítorí ẹ̀bùn tí ó gbà nígbà tí ó wà nípò. Owó oṣù ńlá kò dá a dúró. Òfin ni ó dá a dúró.

N kò sọ pé kí a fi ebi pa aṣòfin. Bí a bá sọ owó oṣù di ẹ̀hà, ọlọ́rọ̀ àti olè nìkan ni yóò lè jẹ aṣòfin. Olùkọ́ tí ó gbọ́n kò ní lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí owó náà tó ènìyàn jẹ ni mo fẹ́. Ibi tí mo ti ń jà ni ọ̀nà tí à ń gbà bù ú.

Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ni àwọn bàbá wa wí. Àwọn tí ó kọ Ìwé Òfin Ilẹ̀ Ghana ti ọdún 1992 rò pé àwọn ti yẹra fún èyí. Ní Abala 71, wọ́n ní kí Ààrẹ yan ìgbìmọ̀ tí kò ju ènìyàn márùn-ún lọ, kí ìgbìmọ̀ náà sì dámọ̀ràn iye tí ó yẹ. Lẹ́yìn náà, Ààrẹ ni yóò fọwọ́ sí ti àwọn aṣòfin àti ti àwọn adájọ́ àgbà. Àwọn aṣòfin ni yóò fọwọ́ sí ti Ààrẹ, ti igbákejì rẹ̀ àti ti àwọn mínísítà. Ẹ rí ọgbọ́n náà bí? Lóòótọ́, ọ̀bẹ kò gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀bẹ méjì jókòó, wọ́n ń gbẹ́ èkù fún ara wọn.

Ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ tún wà níbẹ̀. Ìgbà tí sáà bá ń parí lọ, tí ojú gbogbo ènìyàn wà lára ìbúra Ààrẹ tuntun, ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń jáde. Ní oṣù January 2009, bí Ààrẹ Kufuor, ọmọ Kùmásì yìí, ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ni ìlú gbọ́ pé ìgbìmọ̀ tí Mary Chinery-Hesse ṣe olórí rẹ̀ ti dámọ̀ràn ilé méjì àti ọkọ̀ mẹ́fà fún Ààrẹ tí ó bá lo sáà méjì tí ó sì fẹ̀yìn tì. Ariwo ta. Ní ọdún 2021, ó tún hàn pé ìgbìmọ̀ mìíràn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yaa Ntiamoa-Baidu ṣe olórí rẹ̀, ti dámọ̀ràn owó fún ìyàwó Ààrẹ àti ìyàwó igbákejì rẹ̀. Ariwo tún ta, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyáàfin Rebecca Akufo-Addo fi dá sídì 899,097.84 tí ó ti gbà láti 2017 padà fún ìjọba ní oṣù July ọdún náà. Ní ọdún 2022, Togbe Afede XIV, ọba Asogli, ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀. Ó ti wà nínú ìgbìmọ̀ àgbà tí ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn láti 2017 títí di 2020, wọ́n sì san sídì 365,392.67 sí i lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìdágbére. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó ní òun ti ń gba owó ní oṣooṣù fún iṣẹ́ náà.

Ex gratia ni àwọn ará Ghana ń pe owó ìdágbére yìí. Iṣẹ́ atúmọ̀ èdè ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣòro mi fún yín. Nígbà kan, wọ́n ní kí n fi èdè Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ náà, mo sì jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Èdè Látìn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni "nípa oore-ọ̀fẹ́". Oore-ọ̀fẹ́! Ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ ní ilé ìjọsìn ni èyí. Ẹni tí ó ní nǹkan ni í ṣe oore-ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò ní. Ta ni ó wá ní owó náà? Ìyá tí ń ta tòmátì ní Kejetia, tí ó ń sanwó orí lórí epo àti lórí ìpè fóònù rẹ̀. Ta ni wọ́n ṣe oore náà fún? Ẹni tí ó kọjá lára rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó ń fọn fèrè. Mo padà kọ ọ́ ní "owó ìdágbére", ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ títí di òní.

Kí àwa ọmọ Nàìjíríà má rẹ́rìn-ín o. Tiwa le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níhìn-ín, ó kéré tán, a mọ iye tí Togbe Afede dá padà dé orí péséwà. Ní oṣù August 2024, Sẹ́nétọ̀ Kawu Sumaila láti Kano sọ pé owó tí ń wọlé fún òun ní oṣù kan lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún náírà. Ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní RMAFC, tí òfin fi sípò láti dá iye owó wọn, dáhùn pé owó oṣù àti àjẹmọ́nú sẹ́nétọ̀ kan kò ju ₦1,063,860 lọ. Àwọn méjèèjì lè má purọ́. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń pè ní owó oṣù ni èkíní. Owó tí wọ́n ń pè ní owó iṣẹ́ àti owó ìrìn àjò ni ó sọ ọ́ di èkejì. Ní oṣù July ọdún náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ₦70,000 ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ sáà. Níbi èyí, ó yẹ kí a yin Ghana, kí a sì yìn ín dáadáa. Abala 66 ní sáà ọdún mẹ́rin-mẹ́rin méjì péré ni Ààrẹ lè lò. Rawlings, tí ó fi ìbọn wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì, lo méjì lábẹ́ òfin náà, ó sì lọ sílé ní ọdún 2001. Kufuor lọ ní 2009. Akufo-Addo lọ ní 2025. Mahama, tí wọ́n fi ìbò yọ ní ìparí ọdún 2016, padà wọlé nípa ìbò ní oṣù January 2025. Kò sí ìbọn tí ó dún. Mo gba Lomé kọjá wá síhìn-ín. Ní Togo, Eyadéma gba ìjọba ní 1967. Ní 2002 wọ́n yọ òpin sáà kúrò nínú òfin fún un. Nígbà tí ó kú ní 2005, ọmọ rẹ̀ Faure jókòó sípò. Ní 2024 wọ́n tún òfin kọ, ní oṣù May 2025 Faure sì gba oyè mìíràn tí kò ní òpin. Àwọn ènìyàn tí ó ti di bàbá-àgbà wà ní Togo tí wọn kò mọ orúkọ ìdílé mìíràn ní ilé ìjọba láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a pa òpin sáà tì, kí ó lọ gbé Lomé fún ọdún kan ná. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa pé òpin sáà ń lé olè. Ní ilẹ̀ Brazil, ní ọdún 2003, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kèké láti mọ ìlú tí àwọn ayẹ̀wéwò owó yóò yà sí. Méyọ̀ kankan kò lè mọ̀ ṣáájú. Àwọn onímọ̀ méjì, Claudio Ferraz àti Frederico Finan, lo ìwé àwọn ayẹ̀wéwò náà, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2011. Wọ́n rí i pé àwọn méyọ̀ tí ó ṣì lè padà wá bèèrè ìbò ń fi ìdá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún dín ohun tí wọ́n ń kó jẹ kù sí ti àwọn tí ó wà ní sáà ìkẹyìn. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò ní padà wá síwájú yín mọ́, kí ni yóò mú ojú tì í? Ọjọ́ tí olówò bá ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ ni kì í fiyè sí oníbàárà.

Àwọn bàbá wa, ní Ọ̀yọ́ àti ní Àṣáńtì, kò ka ọdún fún ọba, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun kan tí àwa gbàgbé. Ní Ọ̀yọ́, Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì lè gbé igbá òfo fún Aláàfin, ọ̀rọ̀ sì parí. Ní ilẹ̀ Àṣáńtì, àwọn àgbà lè yọ olóyè kúrò lórí àga. Ju ìyẹn lọ, àṣà Akan ni pé ohun tí olóyè bá kó jọ nígbà tí ó wà lórí àga, ti àga ni, kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá ń lọ, wọ́n á wo ẹrù rẹ̀. Lónìí ńkọ́? Abala 286 nínú Ìwé Òfin Ghana ní kí àwọn aláṣẹ kọ ohun ìní wọn sílẹ̀ fún Olùyẹ̀wéwò Àgbà kí wọ́n tó gba iṣẹ́ àti nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Wọ́n ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa ni ó wà, ará ìlú kò lè ṣí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa ní Nàìjíríà. Ẹ wo bí ó ti rí: a ń ka ọdún wọn, a kò sì wo ẹrù wọn.

Ibi tí ó kàn yìí ni ó le jù fún mi láti sọ, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò ka ọ̀rọ̀ mi nínú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 2018, àjọ CDD-Ghana àti Westminster Foundation for Democracy gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ aṣòfin ní Ghana ní láti ná sídì 389,803 ní ìdá kan pẹ̀lú òmíràn, láti ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ títí dé ọjọ́ ìdìbò. Ìnáwó náà sì fi ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín 2012 àti 2016. Níbo ni owó náà ń lọ? Ẹ kò nílò onímọ̀ láti sọ ọ́ fún yín. Àwọn aṣojú tí ń dìbò abẹ́lé ń gbà á. Òkú ọjọ́ Sátidé ń gbà á; ẹ sì mọ bí ìsìnkú ti rí ní Kùmásì yìí. Owó ilé-ìwé ọmọ alága wọ́ọ̀dù ń gbà á, páànù ilé ìjọsìn ń gbà á, àwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ń gbà á. Nígbà tí ọkùnrin náà bá wọlé, gbèsè ni ó gbé wọlé. Owó oṣù wo ni yóò san gbèsè náà? Bí a bá sì sọ fún un pé sáà kan péré ni tirẹ̀, a kàn ní kí ó tètè san án ni.

Mo ti jókòó rí ní ibi tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń bá olùdíje sọ̀rọ̀. N kò ní sọ ìlú, n kò ní sọ ẹgbẹ́. Olùdíje náà mú ìwé jáde, ó fẹ́ ka ohun tí yóò ṣe fún àwọn àgbẹ̀. Alàgbà kan fi ọwọ́ dá a dúró, ó ní, "Ọmọ mi, a ti gbọ́ ti àwọn àgbẹ̀. Àwa tí a jókòó síhìn-ín ńkọ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Mo sì gba owó ọkọ̀ nígbà tí wọ́n pín in.

Kí ni mo wá rò pé ó yẹ kí a bèèrè? Àkọ́kọ́, kí a gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fiadjoe darí, tí ó yẹ Ìwé Òfin Ghana wò láti 2010, ti dámọ̀ràn pé kí àjọ olómìnira kan máa dá iye owó àwọn aláṣẹ. Kí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti aṣòfin wà lórí tábìlì kan náà. Bí a bá fẹ́ fi kún ti ẹnìkan, kí a rí ti ẹnìkejì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní òfin kan pé aṣòfin tí ó bá fi kún owó aṣòfin kò lè jẹ nínú rẹ̀ títí ìbò mìíràn yóò fi kọjá. Wọ́n dá a lábàá ní 1789, kò sì di òfin títí di oṣù May 1992, oṣù tí ó tẹ̀ lé ìgbà tí àwọn ará Ghana dìbò gba Ìwé Òfin tiwọn. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ gbé irú kiní yìí sínú Abala 71 ni, bóyá àwọn ariwo 2009 àti 2021 ìbá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kí wọ́n ṣí àpò ìwé ohun ìní sílẹ̀, pàápàá ní ọdún kan lẹ́yìn tí olóyè bá ti kúrò. Ẹni tí kò ní padà wá bèèrè ìbò, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn ayẹ̀wéwò ṣì ń bọ̀ wá kí òun.

Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ àwa ọmọ ẹgbẹ́, kò sì nílò òfin. Nígbà ìbò abẹ́lé tí ń bọ̀, kí wọ́ọ̀dù kan, ẹyọ kan péré, sọ pé àwọn kò gba owó ọkọ̀, kí olùdíje náà sì ka ìwé rẹ̀ tán lórí àwọn àgbẹ̀. Mo fẹ́ rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Mo rí i pé bàbá tí ó jókòó níwájú ti ń wo aago, àwọn ìyá kan sì ní ọjà láti kó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá tí ó nawọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ Makola, ẹ dákun, ẹ dìde kí a gbọ́ yín.